Níbi Tí Iṣẹ́ Ń Gbé

Bí ènìyàn bá tú thin client kan palẹ̀, ohun tí yóò bá nínú rẹ̀ kò tó nǹkan: pátákó iná kékeré kan, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ti fóònù, ìrántí díẹ̀, àti àwọn ihò tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní fáànù tí ń pariwo. Àwọn kan kò ní hard disk rárá. Síbẹ̀, akọ̀wé tó jókòó síwájú rẹ̀ ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣírò owó oṣù, ó ń tẹ ìwé jáde, bí ẹni tó gbé odindi kọ̀ǹpútà ńlá sábẹ́ tábìlì. Iṣẹ́ náà kò sí nínú àpótí iwájú rẹ̀. Ó wà lórí sáfà, ẹ̀rọ alágbára kan tó lè wà nínú yàrá tútù ní ilé kan náà, tàbí ní ìlú mìíràn, tàbí ní òdìkejì òkun pàápàá.

Àwọn tó ń ta thin client máa ń yìn ín pé kò gba àyè, kò gbówó lórí, kò sì jẹ iná. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń mú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ dúró, tàbí tó ń dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró, ni ìsopọ̀ tó wà láàárín àpótí àti sáfà, àti ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìsopọ̀ náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé lẹ́tà kan ṣoṣo. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì A lórí kíbọ́ọ̀dù. Thin client kò mọ̀ bóyá ìwé ni akọ̀wé ń kọ tàbí ìṣirò ló ń ṣe. Nọ́ńbà bọ́tìnnì náà ló kàn dì, tó fi ránṣẹ́ sí sáfà. Sáfà gbé e fún ètò ìkọ̀wé tí akọ̀wé ṣí, ètò náà sì ya A sójú ìwé. Sáfà wá wo ibi tó yí padà, ó gé ibẹ̀ nìkan, ó fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ó sì dá a padà. Thin client tú u, ó yà á síwájú akọ̀wé. Gbogbo lílọ àti bíbọ̀ yìí gbọ́dọ̀ parí kí akọ̀wé tó ṣẹ́jú.

Ìdí tí sáfà fi ń gé ibi tó yí padà nìkan hàn kedere bí a bá ṣírò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ lónìí ní àmì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì àmì lọ, báìtì mẹ́ta sì ni àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àwòrán kan ṣoṣo ju mẹ́gábáìtì mẹ́fà lọ. Bí sáfà bá ń fi odindi àwòrán ránṣẹ́ nígbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹnì kan yóò gba nǹkan bíi gígábíìtì kan àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ́fíìsì ẹlẹ́ni ogójì tó lè ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí kò bá yí padà, sáfà kì í fi ránṣẹ́. Àwòrán kékeré tó bá ti lọ rí, thin client ti fi pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé kíkọ fi ń gba ọ̀nà tóóró kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí gbogbo nǹkan sì ń lọ́ tìkọ̀ ní kété tí ẹnì kan bá ṣí fídíò, nítorí pé ojú fídíò kì í dúró sójú kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò dọ́gba. VNC, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Olivetti ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí àwòrán, á sì fi apá tó yí padà nínú àwòrán náà ránṣẹ́. RDP ti Microsoft, ìyẹn Remote Desktop Protocol, lè fi àṣẹ ránṣẹ́ ní tirẹ̀: ya ìlà síhìn-ín, kọ ọ̀rọ̀ yìí sọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ Citrix ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Akọ̀wé kì í mọ ìyàtọ̀ wọn, àfi lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège.

Jíjìn ni ìṣòro tí owó kò lè tán. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì ń sáré tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Portugal gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Lílọ àti bíbọ̀ lórí rẹ̀ yóò gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 70, ìyẹn ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí sáfà tó ṣe ohunkóhun rárá. Bẹ́ẹ̀, tí ìdádúró bá ti tó nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 100, ojú ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ọ́fíìsì Ìbàdàn tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù ti ná ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò rẹ̀ sórí omi. Bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì tó wà lókè réré ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ni wọ́n ń lò, ìdádúró náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá: akọ̀wé á tẹ lẹ́tà, kò ní rí i, á tún un tẹ̀, méjèèjì á wá yọ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń sáré ra dátà sí i nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀. Fífẹ ọ̀nà lójú kò sọ ọ́ di kúkúrú.

Okùn náà sì lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹ́nu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn báǹkì ní Nàìjíríà sì rí ìdíwọ́. Ọ́fíìsì tí sáfà rẹ̀ wà nínú ilé lè máa kọ ìwé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí sáfà rẹ̀ wà lókèèrè, tí kò sì ní ọ̀nà kejì, gíláàsì lásán ló ń wò. Ibi tí sáfà yóò wà ni ìpinnu àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó ra àpótí kan ṣoṣo.

Èrò yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1961 ni Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi han aráyé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pín kọ̀ǹpútà kan lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1989, Ed Iacobucci fi IBM sílẹ̀, ó dá Citrix sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì ṣe WinFrame ní 1995 kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ Windows kan ṣoṣo. Microsoft gba láísẹ́ǹsì ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé Windows ti ara rẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jáde ní 1998, pẹ̀lú RDP. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Sun Microsystems gbé Sun Ray jáde. Òṣìṣẹ́ á ki káàdì bọ Sun Ray, iṣẹ́ rẹ̀ á yọ síwájú rẹ̀. Á yọ káàdì, á lọ sí àjà kejì, á kì í bọ òmíràn, iṣẹ́ kan náà á tún yọ, ní ibi tó fi í sí gan-an, pẹ̀lú gbólóhùn tí kò tíì kọ parí.

Ohun tó ń tẹ̀lé káàdì yẹn kiri ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sẹ́ṣàn: gbogbo ètò tí ènìyàn ṣí, gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí sáfà ń tọ́jú lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí sẹ́ṣàn ṣe ń wà láàyè àti bó ṣe ń kú ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ìsopọ̀ bá já, sẹ́ṣàn kì í kú. Ní ilẹ̀ wa, ìbùkún ńlá lèyí. Iná lọ, thin client pa, ojú rẹ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n sáfà wà lórí ínfátà tirẹ̀, gbogbo ìwé sì wà níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí iná bá dé, akọ̀wé á wọlé padà, á sì bá kọ́sọ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́jú lórí ìlà tó ń kọ lọ́wọ́. Ẹni tó ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé iná lọ mọ iye tí nǹkan bẹ́ẹ̀ tó.

Ohun kan náà ló ń fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti lé, á kàn tẹ àmì X tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà, á gbé báàgì, ó di ilé. Lójú rẹ̀, ó ti jáde. Lójú sáfà, ìsopọ̀ ló já. Ẹni náà á padà wá. Sáfà á máa tọ́jú ohun gbogbo fún un: ìwé ìṣirò, ètò owó, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣí sílẹ̀. Sẹ́ṣàn bẹ́ẹ̀ lè di gígábáìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin mú nínú ìrántí sáfà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, gígábáìtì 30 sí 40 ti lọ fún àwọn tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé á máa kígbe pé thin client ti ń lọ́ra, wọ́n á sì ní kí ọ̀gá ra tuntun. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó sórí àpótí tuntun, kí alábòójútó kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ sẹ́ṣàn. Lórí Windows, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ quser. Á fi orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ hàn, á fi ti ẹni tí ìsopọ̀ rẹ̀ ti já hàn, á sì sọ iye àkókò tó ti fọwọ́ lẹ́rán.

Alábòójútó lè sọ fún sáfà pé kó pa sẹ́ṣàn tó bá ti já fún wákàtí báyìí. Nínú iye wákàtí yẹn ni ọgbọ́n wà. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún ọ́fíìsì tí iná kì í lọ lè dá wákàtí kan tàbí méjì lábàá. Ní ibi tí iná lè lọ fún wákàtí mẹ́rin, irú ìlànà bẹ́ẹ̀ á pa iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi pamọ́ run kí jẹnẹrétọ̀ tó tàn. Ó sàn kí sẹ́ṣàn tó já lè dúró di òpin ọjọ́ iṣẹ́, kí sáfà wá gbá a kúrò lóru, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Àwọn alábòójútó fúnra wọn máa ń jìn sí ọ̀fìn yìí. Windows ti sáfà, bí wọn kò bá ra láísẹ́ǹsì Remote Desktop sí i, ènìyàn méjì péré ló ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà fún iṣẹ́ àbójútó. Bí méjèèjì bá tẹ X tí wọ́n sì lọ sùn, ẹnì kẹta tó fẹ́ sáré tún nǹkan ṣe lóru lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Ti láísẹ́ǹsì tún burú jù. Microsoft ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú sáfà yìí kalẹ̀ ní 120 ọjọ́ láìbèèrè láísẹ́ǹsì. Ohun gbogbo á máa lọ dáadáa, ẹni tó ṣe é á gba owó rẹ̀, á lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, láàárọ̀ ọjọ́ kan, sáfà á kọ̀ láti gba akọ̀wé kankan wọlé, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè láísẹ́ǹsì kó tó san owó tó kù.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí ń dá ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ lóró. Bátìrì róbótó tó wà nínú thin client lè kú. Nígbà tí iná bá lọ tó sì dé, aago rẹ̀ á padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Sáfà á gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, thin client á wo déètì, á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, á sì kọ̀ láti wọlé. Ẹni tí kò bá wo aago lè tú gbogbo wáyà ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn thin client tó ń lo Windows ní ààbò kan tó ń dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá pa wọ́n tó sì tàn wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì kì í pẹ́ lára wọn nítorí èyí. Àtúnṣe tí oníṣẹ́ ṣe náà kì í pẹ́ lára wọn, àfi tó bá kọ́kọ́ tú ààbò náà sílẹ̀.

Ti ààbò ló le jù. Thin client tí olè bá gbé lọ kò ní ìwé aláìsàn tàbí àkọsílẹ̀ owó kankan nínú, èrè gidi sì lèyí fún ilé ìwòsàn àti báǹkì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn náà sì ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀: 3389. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, gbé sáfà kan kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi ojú Remote Desktop rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi di ọjọ́ 21, àwọn ọ̀daràn ti wọlé, wọ́n ti tú SamSam sílẹ̀, ètò tó ń ti fáìlì pa títí wọ́n á fi gba owó. Ó lé ní 2,000 kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní láti pa. Wọ́n pe àwọn ọmọ ogun National Guard wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀daràn kan náà kọlu ìlú Atlanta, wọ́n sì béèrè nǹkan bíi 51,000 dọ́là. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n wá ojú Remote Desktop tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n máa dán páásíwọ́ọ̀dù wò ní ìgbà àìmọye, tàbí kí wọ́n ra èyí tí ẹlòmíràn ti jí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2019, Microsoft kéde àbùkù tí wọ́n ń pè ní BlueKeep: ọ̀daràn lè gba inú Remote Desktop wọ àwọn Windows àtijọ́ kan láìní páásíwọ́ọ̀dù rárá. Ọ̀rọ̀ náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti jáwọ́ lára rẹ̀ láti 2014. Kò sí ìdí kankan, bó ti wù kó jẹ́ kánjúkánjú tó, tó fi yẹ kí 3389 kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Àwọn kan máa ń yí nọ́ńbà náà padà, wọ́n á rò pé àwọn ti fara pamọ́. Ètò tó ń wá ilẹ̀kùn kiri á rí i láìpẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó wà nílé gba VPN tàbí géètì Remote Desktop wọlé, kó fi ẹ̀rí kejì hàn lórí fóònù rẹ̀, kí sáfà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà.

Pẹ̀lú gbogbo ewu wọ̀nyí, kí ló ń mú kí ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì máa yan ọ̀nà yìí? Iná ni ìdáhùn kan. Yàrá oníjókòó ogójì tó ń lo kọ̀ǹpútà olódindi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 80 wáàtì, yóò jẹ 3,200 wáàtì láìka mọ́nítọ̀. Thin client ogójì ní wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá, pẹ̀lú sáfà kan tó ń jẹ 500, jẹ́ 900. Mọ́nítọ̀ kò yí padà níbi méjèèjì. Ẹni tó ń ra bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Owó tún ni ìdáhùn mìíràn: ní 2007, ìjọba Makedóníà yan ẹ̀rọ NComputing, tó ń pín kọ̀ǹpútà kan fún ọ̀pọ̀ ọmọ, fún nǹkan bíi 180,000 ìjókòó ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. LTSP náà wà, ètò Linux ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 1999, tó lè sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ di thin client láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 ní oṣù Kẹwàá 2025, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó kúrò lórí tábìlì ogójì ti pàdé síbì kan, àṣìṣe ibẹ̀ sì di ti gbogbo ènìyàn. Ìdánwò ìwọ̀lé yunifásítì tí àjọ JAMB ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2025 fi èyí hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ìdánwò orí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí Remote Desktop. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde sójú ayé, ó gbà pé àṣìṣe ti wáyé, ó sì sunkún. Nínú àlàyé tí wọ́n ṣe, wọ́n ti fi àtúnṣe kan sí àwọn sáfà kan, wọn kò fi sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó 157 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ náà jókòó síwájú wọn kò ní ẹ̀bi.

Alábòójútó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi àtúnṣe sí gbogbo sáfà lẹ́ẹ̀kan. Á mú ọ̀kan kúrò nínú ẹgbẹ́, á ní kí ó má gba ẹni tuntun, á dúró kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ jáde, á fi àtúnṣe sí i, á sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ díẹ̀ lò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó kan àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀, kí akọ̀wé àkọ́kọ́ tó dé, á wo sáfà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí gbogbo wọn dọ́gba.